Ilé-Iṣẹ́ Aṣọ Ìnura Tí Wọ́n Ní Èmi Ni Mo Tà

Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ń gba ẹ̀yìn wọ ọjà Ouando, kí n má baà fojú kan obìnrin kan ṣoṣo. Ìsọ̀ rẹ̀ wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ibi tí gbogbo ayé ń gbà wọlé. Èmi a yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn elépo, màá ra ata àti ẹja mi, màá sì tún gba ibẹ̀ jáde. Bí ọkọ mi bá bi mí pé kí ló dé tí mo fi pẹ́, màá ní èrò pọ̀. Ó mọ̀ pé kì í ṣe èrò. Kò bi mí síwájú sí i.

Ọ̀rẹ́ mi ni obìnrin náà. Ibi iṣẹ́ la ti pàdé, ibi iṣẹ́ náà ló sì pín wa níyà.

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Àjàṣẹ́ wa níbí, ní ilẹ̀ Benin, lójú ọ̀nà Akpro-Missérété, tí wọ́n ti ń hun aṣọ ìnura. Kò tóbi. Ẹ̀rọ ìhunṣọ mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, mẹ́rin nínú wọn kì í sábà jí, àwa òṣìṣẹ́ kò sì pé ogójì. Bàbá ọ̀gá wa, ẹni tí a ń pè ní pàtírọ̀n, ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, ọmọ gbà á. Òwú tí wọ́n gbìn lápá òkè orílẹ̀-èdè wa níbí la fi ń hun aṣọ náà. Ilé ìwòsàn ń rà á, àwọn òtẹ́ẹ̀lì ń rà á, àwọn ìyá ìkókó náà ń rà á. Tí o bá fọ̀ ọ́ fún ọdún márùn-ún, ńṣe ni yóò máa rọ̀ sí i.

Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ nínú ilé yẹn débi pé ojú la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rẹ́ mi bá fi àgbọ̀n tọ́ka síta, a jẹ́ pé obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ ti dé. Bó bá gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá ń bọ̀ nìyẹn. Ará Adjarra ni ọ̀rẹ́ mi. Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ wa níbí, ni bàbá rẹ̀, Gun, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ègùn, ni ìyá rẹ̀, èdè méjèèjì ló sì fi ń bú ẹ̀rọ tó bá dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún kan náà la wọ ilé-iṣẹ́ náà. Lórí alùpùpù mọ́bílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ la jọ ń lọ, a jọ ń bọ̀, abọ́ kan náà la fi ń jẹun ọ̀sán. Ìyá mi máa ń pè é ní “ọmọ mi”, kì í pè é lórúkọ rárá.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa so òwú tó bá já kí ẹ̀rọ lè máa lọ. Ó dà bí ohun tí kò le, àmọ́ bí o bá so kókó tó tóbi, yóò há sínú ẹ̀rọ, tàbí kí ó yọ lára aṣọ kí ó máa họ ènìyàn lójú. Ìyá mi, tó hun kíjìpá lórí òfì nígbà tó wà ní ọmọge, ló kọ́ mi ní bí a ṣe ń so kókó kan tó kéré, tó pẹlẹbẹ, tí ọwọ́ kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Gbogbo ọmọbìnrin tuntun tó bá wọṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi wọ́n sí, kí n kọ́ wọn ní kókó yẹn. Inú mi máa ń dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tó yá, aṣọ ìnura bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkè òkun gúnlẹ̀ sí èbúté Kùtọnu, ní dìdì ńláńlá. Òdòdó wà lára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ń dán, ẹni tó bá fẹ́ ra ẹyọ kan tiwa lè rí mẹ́ta rà nínú tibẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ kọ̀wé pé àwọn kò fẹ́ mọ́. Ilé ìwòsàn tẹ̀ lé e. Aṣọ tí a ti hun wá ń ga sí i lára ògiri, títí tó fi bo fèrèsé kan, tí a sì ń tan iná lọ́sàn-án kí a tó lè ríran.

Ní ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ ni pàtírọ̀n mú àlejò mẹ́ta wá, ọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan. Láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá, láti ibi tí àwọn aṣọ wọ̀nyẹn ti ń wá. Ó pè mí sínú yàrá bùró rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi Faransé sọ ọ́, ó tún wá fi Nàgó sọ ọ́ kí ó lè dá mi lójú.

“Ìyá, àwọn wọ̀nyí fẹ́ mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún wọn.”

Mo ní, “Kò burú, pàtírọ̀n.”

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n lò. Àwọn ọkùnrin ń wọn nǹkan, wọ́n ń ya fọ́tò. Ọmọbìnrin náà kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àkọ́bí mi ni yóò jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. N kò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi, àmọ́ ẹni tó bá ti dúró ti ẹ̀rọ rí kì í pẹ́ mọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí kókó tí mo so, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n tún un ṣe. Ọjọ́ kẹta ló mọ̀ ọ́n. Mo fún un ní àkàsà àti ẹja díndín, ó jẹ ẹ́, ó tún bu sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ó fà mí mọ́ra, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò èmi pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo ilé-iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò wá. Èmi nìkan ló bá ya fọ́tò.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, pàtírọ̀n ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ bí ilé náà ṣe rí láìsí ariwo. Ẹyẹlé ń rìn lórí páànù, a ń gbọ́ èékánná rẹ̀. Pàtírọ̀n dúró láàárín wa, ó ní ẹ̀rọ òun ti gbó, iná mànàmáná ti wọ́n jù, òun kò lè bá ọjà jà mọ́. Láti ìgbà náà lọ, lọ́hùn-ún ni wọn yóò ti máa hun aṣọ náà, wọn yóò sì máa lẹ àmì ilé-iṣẹ́ wa mọ́ ọn. Òun yóò kàn máa kó o wọlé, òun yóò máa tà á. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ojú rẹ̀ pọ́n, n kò ní purọ́ mọ́ ọn.

Níta, lẹ́bàá mọ́bílẹ́ẹ̀tì, ọ̀rẹ́ mi kò tíì gùn ún. Ó ń dúró dè mí.

“Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ kọ́ wọn,” ló wí.

“Pàtírọ̀n ló ní kí n kọ́ wọn.”

“Ó ní kí o kọ́ wọn. Ṣé ó ní kí o kọ́ wọn tán ni?”

Àwọn mìíràn ti dúró láti gbọ́. Ẹnì kan sọ pé fọ́tò yẹn kò ṣẹ̀yìn nǹkan. Ẹlòmíràn ní kí n sọ ohun tí wọ́n fún mi. Ọ̀rẹ́ mi gun mọ́bílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó lọ, èmi sì fi ẹsẹ̀ rìn délé. Nígbà tí mo délé, iyanrìn ti kún bàtà mi. Ọkọ mi, tó máa ń kun ilé fún àwọn ènìyàn, ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Ọ̀rọ̀ ìbínú ni,” ló wí. “Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, yóò wá.”

Kò wá. Mo rán ènìyàn sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn. A pàdé níwájú ọjà lọ́jọ́ kan, nítòsí ìsọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síbẹ̀, mo kí i, ó wò mí bí ẹni ń wo ògiri, ó sì kọjá. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gba ẹ̀yìn.

Èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ ní ọdún kejì, nígbà tí ìyá mi kú. Ní àdúrà ọjọ́ kẹta, ojú mi kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní bóyá ó rìnrìn-àjò ni. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo tún ń wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn tí kò mọ ìyá mi dáadáa wá. Ẹni tó ń pè ní “ọmọ mi” kò wá.

Àwọn ènìyàn rò pé ẹ̀sùn yẹn ń bí mi nínú. Ì bá dára bó bá ń bí mi nínú. Èmi náà gbà á gbọ́ ni. Bí mo bá ń fọ abọ́, bí mo bá ń ṣa ẹ̀wà, màá máa bi ara mi pé kí ló dé tí n kò kọ́ ọmọbìnrin yẹn ní kókó èké. Kí ló dé tí n kò sọ pé n kò mọ̀ ọ́n? Bí ogójì ilé ló ti ibẹ̀ jẹun. Mo tilẹ̀ ronú pé ìyá mi ló fún mi ní nǹkan, èmi sì gbé e fún àlejò nítorí pé ó rẹ́rìn-ín sí mi.

Iṣẹ́ tí mo wá ń ṣe kò jẹ́ kí n gbàgbé. Nígbà tí wọ́n ń ta àwọn ẹrù ilé-iṣẹ́ náà, mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ tí a fi ń ká etí aṣọ, mo gbé e sábẹ́ àtíbàbà níwájú ilé wa. Aṣọ ìnura tó ń ti òkè òkun wá lẹ́wà, àmọ́ bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, etí rẹ̀ a máa tú. Àwọn ènìyàn ń gbé e wá fún mi kí n ká a, kí n rán an. Ohun tó pa iṣẹ́ mi ni mo fi ń jẹun. Wọ́n sì sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ mi náà ti ń tà á ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ouando. Inú bí mi fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà kò bí mi mọ́. Kí ni ì bá tún tà?

Lọ́dún tó kọjá, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ wa àtijọ́ wá sábẹ́ àtíbàbà mi. Àgbàlagbà ni, òun ló ń tẹ gbogbo ìwé tí pàtírọ̀n bá fẹ́ fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ pa, òun nìkan ni pàtírọ̀n mú lọ sí ibi ìtajà tuntun, ó sì ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ó mú aṣọ funfun méjì lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn ọkùnrin ń ró bí wọ́n bá ń wọ Mẹ́kà. Aṣọ ìnura ni, etí rẹ̀ ti ń tú kó tó wọ̀ ọ́.

Mo kúnlẹ̀ kí i. “Bàbá, ẹ̀ẹ́ lọ re, ẹ̀ẹ́ bọ̀ re. Ṣé kí n ká etí rẹ̀ fún yín?”

Kò fún mi ní aṣọ náà. Ó jókòó, ó ní kí n fún òun lómi. Ó mu ún tán kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Àbúrò mi, aṣọ yìí kọ́ ló gbé mi wá. Ẹni tó bá ń lọ síbi tí mò ń lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀. Mo ti lọ sọ́dọ̀ ẹni mẹ́rin. Ìwọ ni mo fi ṣe ìkẹyìn, torí tìẹ ló le jù.”

“Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Bàbá.”

“Mo dákẹ́. Òun ni ẹ̀ṣẹ̀ mi.”

Ó wá sọ fún mi. Nígbà ọyẹ́, kí òjò tó rọ̀ rárá, kí àlejò kankan tó dé, òun ló tẹ ìwé àdéhùn tí pàtírọ̀n àti àwọn ará ọ̀hún fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ti parí. Ìwé náà wà nínú dúróò tábìlì rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí èmi fi ń kọ́ ọmọbìnrin yẹn.

Mo bi í pé, “Kí wá ni wọ́n wá ṣe?”

“Wọ́n wá wo irú èyí tí àwọn ará ibí fẹ́ ni. Bó ṣe yẹ kó gùn tó, bó ṣe yẹ kó fẹ̀ tó, àwọ̀ tí àwọn ìyá ìkókó ń béèrè.”

“Kókó tí mo kọ́ ọmọbìnrin yẹn ńkọ́?”

Ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àánú. “Ẹ̀rọ wọn lọ́hùn-ún, fúnra rẹ̀ ló ń so òwú tó bá já. Wọn kò nílò kókó rẹ. Ọmọbìnrin yẹn kàn fẹ́ràn rẹ ni.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí àwọn gígé aṣọ tó wà níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, omijé sì tẹ̀ lé e, n kò wá ọ̀nà láti dá a dúró. Ara mi fúyẹ́ bíi ti alárù tí wọ́n bá sọ̀ ẹrù kalẹ̀ fún, tó ṣì ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ nítorí pé ọrùn rẹ̀ kò tíì gbà gbọ́. Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní purọ́, pé kókó ìyá mi kò tilẹ̀ wúlò fún wọn. Ṣùgbọ́n ìdùnnú ló pọ̀ jù. N kò ta ẹnikẹ́ni. N kò gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi. “Ọdún mẹ́fà, Bàbá. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi.”

“Mo gbọ́. Pàtírọ̀n ní tí mo bá pa ẹnu mọ́, òun á mú mi lọ. Ọmọ mi ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ gíga nígbà yẹn. Ẹ̀rù bà mí. N kò ní àwáwí mìíràn.”

Mo wò ó. Irun orí rẹ̀ ti funfun tán. Mo ní, “Mo forí jì yín, Bàbá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún mi yìí, ẹ gbọ́dọ̀ tún un sọ níbì kan.”

“Níbo?”

“Ní Ouando.”

Ọ̀kadà méjì la pè. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà tí mo gba iwájú wọ ọjà náà nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi ń to aṣọ ìnura sórí ara wọn. Ó rí akọ̀wé, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ń béèrè àlàáfíà ilé. Bó ṣe gbójú sókè ló rí mi.

Bàbá kò fa ọ̀rọ̀ gùn. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi náà ló sọ ọ́ fún un: ìwé, ọyẹ́, dúróò, ẹ̀rù tó bà á. Nígbà tó parí, ọ̀rẹ́ mi mú aṣọ kan, ó ká a, ó tú u, ó tún ká a. Oníbàárà kan dé, ó fẹ́ ra méjì. Ọ̀rẹ́ mi ní kó padà wá. N kò rí i kó lé oníbàárà rí.

“Mi ò mọ̀ nípa ìwé yẹn,” ló wí fún mi, kò wo ojú mi. “Àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ.”

“Ìgbà wo lo mọ̀?”

“Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ ìnura níbí. Wo ọ̀tún, wo òsì. Bàtà ń ti ibẹ̀ wá, ike ń ti ibẹ̀ wá, abẹ́rẹ́ ń ti ibẹ̀ wá. Ta ló kọ́ wọn ní abẹ́rẹ́? Ṣé ìwọ náà ni?”

“Kí ló wá dé tí o ò wá bá mi?”

“Ìyá ti kú nígbà yẹn. Mi ò wá síbi òkú Ìyá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi wá?” Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo ṣì ń rò títí dòní. “Pàtírọ̀n ga jù, ọwọ́ mi ò tó o. Ìwọ lọwọ́ mi tó.”

Mo rántí pé mo bọ́ sẹ́yìn ìsọ̀ náà, mo sì jókòó ti í lórí àpótí rẹ̀, akọ̀wé sì rọra yọ́ lọ láìdágbére.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ọ̀rẹ́ mi wá sílé wa, ó fi gèlè dúdú wérí. Ó kọ̀ láti jókòó lórí àga. Orí ẹní ló jókòó sí, ó kí èmi àti ọkọ mi kú ìrọ́jú, ó sì sunkún ìyá mi bí ẹni pé àná la sin ín. Àwọn ọmọ mi ń wò ó, ó yà wọ́n lẹ́nu. Kò ya èmi lẹ́nu. Mo jẹ́ kó sunkún tán, mo sì gbé oúnjẹ wá.

Ilé-iṣẹ́ náà kò padà, kò sì ní padà. Ibi tí ẹ̀rọ wa wà rí ti di ibi tí wọ́n ń kó àwọn dìdì tó bá ti Kùtọnu dé sí. Mo máa ń kọjá níbẹ̀, n kì í ní ìrora mọ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti wá ṣe àdéhùn: kí ó tó pàtẹ aṣọ ìnura tuntun sórí ìsọ̀, yóò kó o wá fún mi kí n tún etí rẹ̀ ká, kí n rán an kó le. Àwọn oníbàárà ti mọ̀ pé tirẹ̀ kì í tú.

Ẹnì kan sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé owó iṣẹ́ ti ga lọ́hùn-ún náà, pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti ń kó kúrò níbẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn tí owó iṣẹ́ ti kéré. Mo ronú kan ọmọbìnrin yẹn. Bóyá àlejò ti dé ọ̀dọ̀ òun náà, tí wọ́n ní kó kọ́ wọn. Mo gbàdúrà fún un pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró níta kó sọ fún un pé, “Ìwọ lo tà wá”.

Ọ̀rẹ́ mi kò yí padà. Lánàá ó kó ẹrù wá, ó ní mò ń falẹ̀, pé ọjọ́ ọjà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ní bó bá yá a lára, kó gba ẹ̀rọ kó máa rán an fúnra rẹ̀. Ó fi Gun bú mi, ó fa àpótí kan mọ́ra, ó sì jókòó.